Èrè ni àbí àdánù tí a yẹ̀? Lórí orúkọ tí a ó fún ìdíyelé oògùn oko tí a dín kù

Okun o, ẹ̀yin ará wa.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lórí ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣàkójọ ni orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye owó tí ìlera àwọn èèyàn àti àyíká tó bọ́ lọ́wọ́ ewu tó, bí àwọn àgbẹ̀ bá dín oògùn apakòkòrò àti oògùn apako (èyí tó ń pa koríko) kù. Ẹnìkan dá a lábàá pé kí a pè é ní "èrè àìlóògùn", ẹlòmíràn sì mú "ìmọrírì àyíká" wá. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

"Àìlóògùn" ni ó léwu jù. Ẹ fojú inú wò ó pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn kan ní Kabba, ní ìpínlẹ̀ Kogi, tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kà á, tó sì gbà pé wọ́n ní kí òun yéé lo oògùn òun. Yàtọ̀ sí èyí, dídín nǹkan kù kì í ṣe àìlò ó. Owó alágbàṣe ti wọ́n ní Ìjùmú àti Yàgbà débi pé àgbẹ̀ tó ní oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kò ní fi oògùn apako sílẹ̀ pátápátá, ohun tí a lè bá a sọ ni pé kí ó fín in lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. "Oògùn oko tí a dín kù" sọ èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣì í gbọ́. Àwọn tó ní kí a yọ "oògùn" kúrò pátápátá, kí a fi "májèlé" rọ́pò rẹ̀ torí pé oògùn ń woni sàn, ẹ jọ̀wọ́, a ti ń pe oògùn eku ní oògùn eku láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹni tó rò pé à ń tọ́jú eku. Lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, "kẹ́míkà" ni, kí ẹni tó bá ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí rédíò máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku "èrè". Èrè ni ohun tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ oníṣòwò lẹ́yìn tó ti yọ ojú owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lóko. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ọmọrí ìgò wọn oògùn, ó dà á sínú agolo ìfín, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn láìwọ bàtà, láìbo imú. Ìdérí agolo náà ń jò, oògùn ń ṣàn sí i lẹ́yìn, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ìyókù padà sí i lójú. Nígbà tó máa fi di alẹ́, ojú ń ta á, orí ń fọ́ ọ, ó ra parasítámọ́ọ̀lù, kò sì lè lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fọ kẹ́ẹ̀gì oògùn tó ṣófo, wọ́n rọ epo pupa sí i. Kò sí èyí tí ọmọkùnrin yìí máa kọ sínú ìṣirò oko rẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Bí ó bá wá dín oògùn kù, kò sí owó kankan tó máa wọlé tí yóò lè kà. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni àìsàn tí kò wá àti owó tí kò jáde. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé "ìdíyelé àdánù tí a yẹ̀" ni ó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Àdánù náà ni Pimentel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell kà ní 1992, nígbà tí wọ́n ṣírò pé ìpalára tí àwọn oògùn oko ń ṣe fún ìlera, kòkòrò oyin, ẹja, ẹyẹ àti omi ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 8 dọ́là lọ́dọọdún.

Síbẹ̀, mi ò ní kí a sọ "èrè" nù. Ní 1986, ìjọba Indonéṣíà fòfin de lílo oògùn apakòkòrò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lórí ìrẹsì, torí pé àwọn oògùn náà ń pa àwọn aláǹtakùn tó yẹ kó jẹ kòkòrò tó ń fa omi ara ìrẹsì mu. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí oògùn dúró. Owó tó dúró sí àpò ìjọba lọ́nà yẹn, èrè gidi ni, ó ṣeé kà lórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí a fi "èrè" mọ sórí irú rẹ̀.

Ní ti "ìmọrírì", èèyàn lè mọ rírì odò kan títí ayé láìyọ kọ́bọ̀ lápò.

Èyí gbé wa dé ibi tó le jù. Ní Filipíìnì, àwọn olùwádìí bi àwọn tó ń gbin àlùbọ́sà léèrè pé èló ni wọ́n máa san kí ewu oògùn lè dín kù. Orúkọ wo ni ìdáhùn wọn máa jẹ́? "Agbára láti san" kọ́, torí pé owó ọwọ́ ẹni ni ìyẹn ń sọ. "Ìfẹ́ láti san" fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, ṣùgbọ́n ó ṣófo létí mi. Mo dábàá "iye àyọ̀ǹda", torí ohun tí èèyàn bá yọ̀ǹda, òun fúnra rẹ̀ ló jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì mọ ohun tó fi sílẹ̀. Wàhálà kan wà níbẹ̀ o: ẹ bi ìyá kan léèrè lọ́jà Kabba pé èló ló máa san lórí nǹkankan, ìdúnàádúrà ló ń bá yín ṣe yẹn. Ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Àlàyé tó bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé atúmọ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé iye tó ga jù tí ẹni náà lè gbà ni à ń bèèrè, kì í ṣe iye tó kọ́kọ́ fẹnu dá.

"Àyíká" kò ní wàhálà, ẹ jẹ́ kí ó dúró. Ohun tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ni iye ohun tí a kì í tà lọ́jà rárá, bí iṣẹ́ tí oyin ń ṣe kiri lórí òdòdó ẹ̀gúsí ní gbogbo ilẹ̀ wa. Bí oògùn bá pa wọ́n, ẹ̀gúsí náà kò ní so dáadáa, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sanwó iṣẹ́ fún oyin rí. Ẹ̀yin ará Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, bí èdè àdúgbò yín bá ní ọ̀rọ̀ kan fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí a tó fẹnu kò lórí àkójọ yìí.