Ṣé kí n buwọ́ lu ìwé páìpù omi yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ilé tí a rà ní Chicago ti pẹ́, wọ́n ti kọ́ ọ ṣáájú 1986 tí ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de páìpù òjé, irin olóró yẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó omi ìlú pé páìpù òjé ló ń gbé omi wọlé wa, pé tí mo bá buwọ́ lu ìwé tó bá a wá, àwọn máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn á sì fi mítà omi tó ń ka ara rẹ̀, tó ń fi iye omi tí a lò ránṣẹ́ sí wọn, sí i.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ilé, mo fi kọ́kọ́rọ́ ha páìpù náà níbi tó ti yọ lára ògiri. Ó rọ̀, ó ń dán bíi fàdákà, òòfà ò sì lẹ̀ mọ́ ọn. Àmì òjé nìyẹn. Àyà mi já. Omi yẹn la fi ń po mílíìkì ọmọ wa, ọmọ oṣù méje!

Òfin kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 2021 ya bílíọ̀nù 15 dọ́là sọ́tọ̀ fún pípààrọ̀ irú páìpù yìí, àmọ́ ẹ̀yáwó wà nínú rẹ̀ fáwọn ìlú. Ṣé kò ní pa dà yọ sínú bíìlì wa?

Ọkọ mi ò fẹ́ mítà náà, ó ní wọ́n á máa mọ ìgbà tí a wà nílé. Èmi fẹ́ ẹ, torí ó máa ń tètè fi hàn bí omi bá ń jò lóru.

Ẹni tó bá ti ṣe é, ṣé gbogbo páìpù ni wọ́n pààrọ̀, àbí ti ojú títì nìkan? Gígé rẹ̀ lágbedeméjì lè da òjé sómi. Ta ló tún ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ṣe? Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ dá ìwé náà padà.