Lámídì lorúkọ mi, wọ́n sọ mí di Lámídò

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Kúbwà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín. Lámídì ni bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ. Ní Ìsẹ́yìn, ta ni ò mọ Lámídì? Àfìgbà tí mo dé Àbújá.

Mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún káàdì kan. Arákùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bi mí lórúkọ, mo ní Lámídì. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lamido? Ranka ya dade!" bí àwọn Haúsá ṣe ń kí ọba. Mo rò pé eré ni. Àfi bí káàdì ṣe jáde tí LAMIDO wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé òkè Ọya mọ̀ pé oyè ọba Fúlàní ni, Lámídò Àdámáwá ló wà ní Yólà. Èmi tí mi ò ní màlúù kan ṣoṣo! Báńkì ní orúkọ ò bára mu. Mo lọ búra ní kóòtù, mo sanwó, mo pààrà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí wọ́n tó tún un kọ.

Ìbínú yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àáfáà àdúgbò wa, ọmọ Ìlọrin, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Mo ní kí tiẹ̀ ni ìtumọ̀ Lámídì gan-an? Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gba wàláà lọ́wọ́ ọmọ kan, wọ́n ti kàlámù bọ tàdáwà, wọ́n kọ háà, míìmù, dáálì. Lẹ́tà Lárúbáwá mẹ́ta péré. Wọ́n ní, "Ìyìn ló wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ibẹ̀ ni Alhamdulillah ti jáde. Ibẹ̀ ni Muhammad ti jáde, Ahmad, Mahmud, àti ìwọ náà." Tàdáwà ò tíì gbẹ, ọmọ oníwàláà ń wojú wa pé ìgbà wo la máa dá nǹkan òun padà.

Abdulhamid ló wà níbẹ̀ ní kíkún: ẹrúsìn Ẹni tí ìyìn tọ́ sí. Al-Hamid wà lára orúkọ Ọlọ́run mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Àwọn bàbá wa ló gé Abdu dànù, tí wọ́n lẹ "al" mọ́ Hamid, ó di Lámídì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Al-Aziz ṣe di Lásísì. Mo wá ní kí ló dé tí Ràsákì ò fi ní L tiẹ̀? Àáfáà ní àwọn Lárúbáwá fúnra wọn kì í pe L yẹn níwájú ráà, Ar-Razzaq ni wọ́n ń pè é.

Ìyá Ìbejì, Nyanya

Kábíyèsí Fúlàní, ẹ kú ọ̀rọ̀ kóòtù o. Lawal ni ọkọ mi. A gbé Kàtsínà fọ́dún mẹ́ta, ẹni tó bá sì ti gbórúkọ ẹ̀ á da Haúsá bò ó, torí Lawal pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Onílé wa wá bi í lọ́jọ́ kan pé ṣé àkọ́bí ni. Ó ní rárá, ọmọ kẹta ni. Baba náà ní kò rí bẹ́ẹ̀! Al-Awwal ni Lawal, ẹni àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń kà á tẹ̀léra ni: Auwalu, Sani ìkejì, Salisu ìkẹta, Rabiu ìkẹrin. Salisu ló yẹ kó jẹ́. Títí a fi kó kúrò nílé ẹ̀, Salisu ló ń pè é. Bẹ́ẹ̀ orúkọ bàbá bàbá wọn ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò ka ọmọ.

Ará Òffà, Kàdúná

"Abdul" nìkan ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ẹrúsìn ta ni? Mo ti ṣàlàyé títí, ó ti sú mi.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Garki

Lámídì kan wà ní Tọ́kì o! Sultan Abdul Hamid Kejì, tó jọba láti 1876 sí 1909. Òun ló fi oyè Bey ránṣẹ́ sí Mohammed Shitta, oníṣòwò Mùsùlùmí kan l'Ékòó, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí rẹ̀ ní 1894. Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí láti Liverpool, ló ṣojú Sultan níbẹ̀. Láti kékeré la ti ń pe mọ́ṣáláṣí yẹn ní Shitta-Bey, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni Bey.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Kúbwà

Ọmọ Èkó, mo ka tiyín fún àáfáà, wọ́n ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó gùn mí. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí Salisu.