Báwo ni mo ṣe lè gba àárọ̀ mi lọ́wọ́ ọ̀gá mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ilé ni mo ti ń kọ ìjábọ̀ fún iléeṣẹ́ kan. Mo ti gbà pé àárọ̀ nìkan ni ọpọlọ mi ń jí pépé. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ìlà kan náà ni mo máa ń kà léraléra. Àárọ̀ yẹn gan-an sì ni àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀gá mi ń rọ́ wọlé. Mo gbé fóònù sí yàrá kejì, ọ̀gá mi tún ń pè mí lórí kọ̀ǹpútà. Mo dán Pomodoro wò, ìyẹn ọgbọ́n fífi aago pín iṣẹ́: iṣẹ́ ìṣẹ́jú 25, ìsinmi ìṣẹ́jú 5, àmọ́ ìgbà tí iṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára ni aago ń dún (ta ló tiẹ̀ fi 25 ṣòfin?). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ sọ fún ọ̀gá yín tó fi gbà pé ó di ọ̀sán kẹ́ ẹ tó fèsì, tí kò sì kà á sí àfojúdi?