Ìṣètò híhá Àlùkùránì sórí fún àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin olùkọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ fi híhá Àlùkùránì sórí kún iṣẹ́ àwọn ọmọ ọdún 6 sí 10. Àkókò wo ni kí a fi sí, ibo ni kí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn kìíní: Wa àlékúmù sàláámù. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi sí, kí iṣẹ́ mìíràn tó rẹ̀ wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpín kọgbọ̀n, ìyẹn ìpín tó kẹ́yìn nínú Àlùkùránì, tí ó ní súrà (orí) 37, nítorí pé àwọn súrà ìparí rẹ̀ kúrú, àwọn ọmọ sì máa ń gbọ́ wọn nínú ìrun. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ kà á, kí wọ́n tẹ̀ lé e, torí pé àṣìkà tí ọmọ bá ti há sórí ṣòro láti tún ṣe.

Ìdáhùn kejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àtúnkà ni mo kà sí pàtàkì jù. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kìlọ̀ pé Àlùkùránì ń yára bọ́ lọ́kàn ju ràkúnmí tí a so mọ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí ọmọ ka ti àtẹ̀yìnwá kí ó tó gba áyà (ẹsẹ) tuntun, kódà bí gbogbo àkókò ọjọ́ náà bá tibẹ̀ lọ.

Ìdáhùn kẹta: Ẹ má ṣe fi ọmọ wé ọmọ. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké gẹ́gẹ́ bí agbára wọn, kí ẹ sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí àwọn òbí yóò máa fi mọ ibi tó dé.