Báàgì awọ, wàràkàṣì àti epo ólífì ní Florence: kí ni mo lè gbé wọ Lọ́ńdọ̀nù?

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mò ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Florence, ní Ítálì. Báàgì awọ gidi, wàràkàṣì àti epo ólífì ni mo fẹ́ rà. Báwo ni mo ṣe máa dá ojúlówó awọ mọ̀? Kí ni aṣọ́bodè sì máa gbà lọ́wọ́ mi bí mo bá ń bọ̀?

Aláwọ: Ìsọ̀ tó yí ọjà San Lorenzo ká lẹ máa kọ́kọ́ rí, ibẹ̀ gan-an ló sì gba ìfura. «Vera pelle» tí wọ́n kọ mọ́ báàgì kò sọ ju pé awọ ẹran ni. «Pieno fiore» ni kí ẹ béèrè, ìyẹn awọ tí wọn ò fá ojú rẹ̀. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e: awọ gidi á rí fọ́nrán-fọ́nrán látòkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́ lókè, aṣọ lábẹ́, ẹ dá a padà. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀dà bo etí yẹn, nítorí náà ẹ yẹ ihò ara okùn èjìká wò, ọ̀dà kì í sábà débẹ̀.

Awọ tí wọ́n fi oje èèpo igi pèlò máa ń dán sí i bó ṣe ń gbó, àmọ́ bí òjò bá kán sí i, àmì á yọ. Scuola del Cuoio, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Santa Croce, ni mo fọwọ́ sí jù: ẹ ó rí àwọn tó ń rán an níṣojú yín. Ẹ má ra ayédèrú báàgì olórúkọ ńlá lẹ́bàá ọ̀nà o! Ẹni tó rà á ni wọ́n ń bu owó ìtanràn fún, ó sì lè tó 7,000 yúrò.

Ìyá Ọlọ́jà: Wàràkàṣì kò ní ṣeé gbé wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ẹran màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti wàrà wọn, wàràkàṣì àti bọ́tà, látinú Yúróòpù, nítorí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu tó ń ṣe ẹran ọ̀sìn. Kódà bí wọ́n dì í pa nínú ọ̀rá, wọ́n á gbà á. Ẹ yẹ ìkànnì ìjọba wò kí ẹ tó gbéra, bóyá wọ́n ti yí i padà. Ẹ jẹ pecorino (wàràkàṣì àgùntàn) yín níbẹ̀, ní ọjà Sant'Ambrogio, ní òwúrọ̀. Ọjọ́ Àìkú wọn kì í ná an.

Epo ólífì kò ní wàhálà. Ẹ wá «Toscano IGP» (àmì pé epo Tuscany, agbègbè Florence, ni) àti ọdún tí wọ́n ká èso rẹ̀ lára ìgò. Oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni wọ́n ń ká a, nítorí náà tuntun ló máa wà lórí àtẹ nígbà òtútù. Agolo sàn ju ìgò lọ: ìmọ́lẹ̀ ń ba epo jẹ́, ìgò sì ń fọ́. Inú àpótí tí ẹ máa fà lé ọkọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ni kó wà, torí ohun olómi tó ju mílílítà 100 lọ kì í sábà bá ni wọlé. Bisikíìtì cantucci náà ṣeé gbé.

Àbẹ̀kẹ́ Peckham: Ẹ ṣeun gan-an. Owó orí ọjà (VAT) tí wọ́n ń dá padà ńkọ́?

Aláwọ: Bí ẹ bá ra ọjà tó ju 70 yúrò lọ ní ìsọ̀ kan ṣoṣo, ẹ fi ìwé ìrìnnà hàn wọ́n, kí ẹ sì gba fọ́ọ̀mù ìdápadà owó orí. Ní pápákọ̀ òfurufú, ẹ lọ bá aṣọ́bodè KÍ Ẹ TÓ fa àpótí sílẹ̀. Báàgì tí ẹ kò tíì lò ni wọ́n fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ pé Paris lẹ máa gbà kọjá, tí báàgì náà sì wà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ni ẹ ti máa ṣe é. Gbogbo 22% owó orí náà kọ́ lẹ máa rí gbà o, àwọn tó ń bá yín gbà á náà ń yọ tiwọn.