Ṣé bónọ́ọ̀sì káàdì yìí tó owó tí wọ́n á máa yọ lọ́dọọdún? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AraKabba
Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin tó kọ́ nọ́ọ̀sì ní Egbe kó tó rìnrìn àjò, Houston ló wà báyìí, báńkì kan lọ́hùn-ún ń fi kírẹ́díìtì káàdì, ìyẹn káàdì téèyàn fi ń rajà láwìn kó tó san án padà, lọ̀ ọ́, wọ́n ní tó bá ti lè ná $5,000 láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́ àwọn á fún un ní 60,000 póìntì, àmọ́ wọ́n á máa yọ $95 lọ́dọọdún. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń kọ́lé kan fún màmá wa ní Iyara, a ti dé lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì, ọdún tó ń bọ̀ la fi páànù sí. Ó wá ní ká kúkú kàn án báyìí, pé káàdì yẹn lòun máa fi san owó páànù àti ti igi ránṣẹ́ sí mi, kí $5,000 lè tètè pé kí bónọ́ọ̀sì sì bọ́ sọ́wọ́ òun. Ó dùn létí o, àmọ́ ara mi ò gbà á tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún tàbí tẹ́ ẹ léèyàn níbẹ̀, ẹ dá sí i jọ̀ọ́.

TisaIsanlu
Èmi ò mọ tọ̀hún. Káàdì dọ́là tí báńkì ń fún wa níbí, $10 ni wọ́n ń yọ lọ́dún, bónọ́ọ̀sì kankan ò sí ńbẹ̀. 60,000 póìntì yẹn, èló ni tó bá di owó?

Egbe2Texas
Ẹ̀gbọ́n AraKabba, ẹ má kan páànù kankan nítorí káàdì o! Owó téèyàn bá fi kírẹ́díìtì káàdì ránṣẹ́ sílé lórí àwọn áàpù tá a fi ń fowó ránṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ báńkì ni kì í kà á sí ọjà tó rà, wọ́n á ní ṣe ló wá yá kéèṣì lọ́wọ́ àwọn, bákan náà ló rí pẹ̀lú kó fi káàdì yẹn yọ owó nídìí ATM. Wọ́n á bu owó tiwọn lé e, 5% ló wọ́pọ̀, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí pé wọ́n ń dúró dìgbà tí sítétímẹ́ǹtì bá dé. Ká ní $4,000 ló fi ránṣẹ́, $200 ti lọ kí kápẹ́ńtà tó gun òrùlé. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé owó yẹn ò ní wọnú $5,000 tí wọ́n ń kà, ìyẹn ni pé á san èlé, á san owó iṣẹ́, bónọ́ọ̀sì náà ò sì ní rí gbà.

Ọkọ àǹtí mi kan ṣe é rí, owó sìmẹ́ńtì ló fi ránṣẹ́ sí Mopa, ìgbà tí sítétímẹ́ǹtì dé ló rí i pé wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀ sísàlẹ̀, pẹ̀lú èlé tiẹ̀. Ó pe báńkì títí ó rẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí. Ó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà wínníwínní.

Tísà, tó bá gbà á ní owó, sẹ́ńtì kan ni póìntì kan, $600 nìyẹn.

MamaIbejiMopa
O ṣeun ọmọ Egbe. Ìbéèrè tèmi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àbúrò yìí máa ń san owó káàdì ẹ̀ tán lóṣooṣù? Torí èlé káàdì wọn lọ́hùn-ún sábà máa ń lé ní 20% lọ́dún, ọmọ mi tó wà ní Atlanta ló là mí lóye. Tó bá gbé $3,000 dání lórí ẹ̀ ní 24%, bíi $60 ni èlé oṣù kan, tó bá fi máa di oṣù 10 wọ́n ti gba bónọ́ọ̀sì wọn padà, $95 ṣì ń bẹ nílẹ̀. Tí kò bá lè san án tán lóṣooṣù, kó má wulẹ̀ dé ìdí ẹ̀. Ṣé nítorí ènì lèèyàn ṣe ń ra gààrí ni?

AraKabba
Màmá, ẹ ṣé gan-an. Mo ti pè é lórí WhatsApp. Ó ní òun ń san tòun tán lóṣooṣù, òun kì í gbé gbèsè káàdì sùn. Nígbà tí mo wá sọ ti owó páànù yẹn fún un, ó dákẹ́, ó lóun máa pè mí padà hahaha. Ó tún ní òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésì nílé, òun ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, àti pé òun fẹ́ ra ilé lọ́hùn-ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé kí n ní kó fi káàdì yẹn sílẹ̀ ni?

OmoBunu_DC
Kó má fi í sílẹ̀ jàre, kó kàn ṣírò ẹ̀ dáadáa. $600, yọ $95, ó ku $505 lọ́dún àkọ́kọ́. Àmọ́ kì í ṣe òfo la fi ń wé e, káàdì tí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́dún wà tí wọ́n á ní kéèyàn ná $500 láàárín oṣù 3 kó gba $200. Torí náà $305 ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, òun ló sì fẹ́ tìtorí ẹ̀ wá ibi tó máa ná $4,500 tó kù sí. Tó bá ní ibi tó fẹ́ ná an sí tẹ́lẹ̀, kó gbà á: tíkẹ́ẹ̀tì Houston sí Abuja nìyẹn, ìnṣọ́ránsì mọ́tò oṣù 6 tó lè san lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ, gáàsì, owó fóònù. Kó má fi san rẹ́ǹtì ṣá, torí àwọn onílé sábà máa ń bu bíi 3% lé e tó bá jẹ́ káàdì.

Ọdún kejì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Bónọ́ọ̀sì ti tán, $95 á tún yọjú. Ẹ wo Chase Sapphire Preferred, káàdì báńkì Chase tó gbajúmọ̀ nínú àwọn oní-$95, póìntì 3 ló ń fúnni lórí dọ́là kan téèyàn bá ná ní ilé oúnjẹ, ẹyọ 1 lórí ọ̀pọ̀ ọjà yòókù. Káàdì tí ò gba owó tó ń dá 2% padà lórí gbogbo ọjà sì wà, Citi Double Cash jẹ́ ọ̀kan. Tí wọ́n bá gba póìntì yẹn ní owó, 1% péré ló fi ju 2% lọ ní ilé oúnjẹ. Kí 1% yẹn tó bo $95, á ti jẹun níta tó $9,500 lọ́dún kan. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ìyán nínú kúlà lọ síbi iṣẹ́ alẹ́!

TisaIsanlu
$9,500 oúnjẹ? Ó ti tó láti kan páànù tiwa nìyẹn.

OmoBunu_DC
Tísà! Ṣá o, mi ò ní kó gba póìntì yẹn ní owó, tó bá jẹ́ ti Chase ni, ó ṣeé gbé lọ sí ètò póìntì àwọn iléeṣẹ́ bàálù bíi British Airways tàbí United tàbí Flying Blue ti Air France, ọ̀kan sí ọ̀kan, ó sì lè ju $600 lọ dáadáa lórí tíkẹ́ẹ̀tì.

Egbe2Texas
Ọmọ Bunu, ìwọ náà mọ̀ pé ìjókòó bàálù tí wọ́n ń fi póìntì rà ní àsìkò Kérésì, àfi kéèyàn máa fi àtùpà wá a. Owó tí British Airways ń bù lé tíkẹ́ẹ̀tì póìntì náà ò kéré. Ẹni tí kì í wọ bàálù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, kó gba owó ẹ̀ kó máa lọ, ibi témi dúró sí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ máa sọ fún un: ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí káàdì yẹn lọ̀pọ̀ báńkì ti ń ka oṣù 3, kì í ṣe ọjọ́ tí káàdì dé ọwọ́ ẹ̀, kó béèrè ọjọ́ náà gan-an kó kọ ọ́ sílẹ̀. Owó ọdọọdún yẹn náà ò sí lára ohun tí wọ́n ń kà mọ́ $5,000. Tọ́dún bá yí po, kó pè wọ́n kó ní kí wọ́n yí i sí káàdì tí kì í gba owó, ìyẹn sàn ju kó ti káàdì náà pa lọ. Àti ti ilé tó fẹ́ rà, tí wọ́n bá ti ń wo ìwé ẹ̀ fún owó tí wọ́n fẹ́ yá a láti fi ra ilé, kó má bẹ̀bẹ̀ fún káàdì tuntun kankan títí wọ́n á fi gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Oṣù wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ti ilé yẹn gan-an?