Wọ́n kọ 340 sára ọrun mi, 268 ni mò ń rí, àbí wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

ỌmọÒde: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ta ọfà. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi compound bow ránṣẹ́ sí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tó ní kẹ̀kẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ yẹn, inú mi dùn débi pé mi ò sùn mọ́jú. Wọ́n kọ 340 fps sára páálí ẹ̀, ìyẹn ni pé kí ọfà ẹ̀ rin 340 ẹsẹ̀ bàtà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ṣàgámù ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọfà, a ta á lẹ́ẹ̀mẹwàá, 268 ló ń gbé wá ṣáá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kan 270. Ínṣì 28 ni mo máa ń fà á dé, páùn 60 ni mo sì yí agbára ìfà ẹ̀ sí torí 70 yẹn fẹ́ yọ mí léjìká. Ayédèrú ni àbí kí ni?

BàbáỌdẹRẹ́mọ: Àbúrò, ọrun ẹ ò ṣe nǹkan kan. Wo ọ̀kadà, 140 ló wà lójú mítà ẹ̀, gbé èrò méjì àti àpò gààrí kan sí i láti Ìjẹ̀bú-Igbó kó o wá sọ iye tó o rí fún mi. 340 tí wọ́n kọ yẹn, ìwọ̀n IBO ni, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọrun ṣọdẹ ní Amẹ́ríkà: páùn 70, ínṣì 30, ọfà 350 grain (grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọfà). Ta ló ń fa ínṣì 30 nínú wa níbí? Àwọn tó ga bí igi àgbọn ni. Ínṣì kan tó bá dín, bíi 10 fps ló bá a lọ, páùn kan tó bá dín, bíi 2. Báwo ni ọfà tìẹ ṣe wúwo?

ỌmọÒde: Mi ò ní òṣùwọ̀n o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwúrà kan létí ọjà, ó kọ́kọ́ rò pé orí mi ò pé. 27.2 gíráàmù.

BàbáỌdẹRẹ́mọ: O ṣeun. Gíráàmù kan jẹ́ 15.43 grain, 420 nìyẹn, ó fi 70 lé ti páálí. Grain mẹ́ta mẹ́ta ló ń jẹ 1 fps, bíi 23 ti lọ. 340, yọ 20 ti ínṣì, yọ 20 ti páùn, yọ 23, ó ku 277. Ihò tó ò ń yọjú wò lára okùn àti okùn kékeré tó ò ń so ìfà mọ́, àwọn náà wúwo, fún wọn ní bíi 5. 272 rèé, o sì rí 268, kí lo tún ń wá?

Sáré_Tete: Ẹ̀gbọ́n, ra ọfà 250 grain jàre, wàá rí eré.

AbíọdẹÌpẹ̀rù: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn o! Páùn kan kò gbọdọ̀ gbé ọfà tó dín ní grain 5, páùn 60 ẹ̀, ó kéré tán 300. Tó bá fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi bí ẹni tó fa ọrun láìfi ọfà sí i tó wá jù ú sílẹ̀, gbogbo agbára yẹn máa padà sára apá ọrun, ó sì lè ya níwájú ojú ẹ. Eré gan-an kọ́ ni kókó. Ọfà 420 tó ń lọ ní 268 ń gbé agbára bíi 67 ft-lb (ìwọ̀n agbára tí ọfà fi ń lu nǹkan), tó o bá sọ ọ́ di 350 tó ń lọ ní 291, bíi 66 ni, ọrun á sì tún máa pariwo sí i. Ohùn ń sáré bíi 1,100 fps, ọfà wo ló fẹ́ ṣáájú ẹ̀ dé etí ọ̀yà?

Sáré_Tete: Ẹ má bínú, mo ṣì ń kọ́ ni.

ỌmọÒde: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi kí n bú u. 420 ni mo máa wà, páùn náà ni màá rọra máa fi kún. Oníwúrà yẹn ní kí n mú ọrun náà wá kí òun fojú rí i.